Ẹni Tó Fẹ́ Fò, Ilẹ̀ Ni Kó Kọ́kọ́ Wá

Bí a bá sọ fún àwọn èrò ibùdókọ̀ Ìgàndó ní Èkó pé àwọn kan wà láyé tó ń fi owó ara wọn ra bàálù oníjòkòó kan, tí apá rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n nà mọ́ páìpù, tí wọ́n sì ń fi í gbafẹ́ lójú ọ̀run láìsí ibi pàtó tí wọ́n ń lọ, ohun tí púpọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Bí ìjì bá dé ńkọ́?” Ìbéèrè náà kò burú. Ó tún le sí i nígbà tí a bá sọ fún wọn pé ọ̀kan lára ibi tí eré yìí ti fìdí múlẹ̀ ni ilẹ̀ pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti Kansas títí dé Saskatchewan àti Alberta, níbi tí igi kò pọ̀ tí ẹ̀fúùfù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti di ará Calgary, Edmonton àti Winnipeg mọ ẹ̀fúùfù yẹn dáadáa. Kí ló wá dé tí bàálù tó fúyẹ́ jù láyé fi rí ibùgbé níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń jà? Ohun tí mo fẹ́ jà fún níbí ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù ló yẹ kó tẹ̀ lé òmíràn. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹni tó ń fò ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ tí ilẹ̀ sì ṣófo sàn fún irú bàálù bẹ́ẹ̀ ju ibi tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀ tí ilé sì kún ilẹ̀ lọ. Bí a bá gba èyí, a ó mọ ibi tó yẹ kí eré náà wà nílẹ̀ Yorùbá, a ó sì mọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé.

Ká tó lọ jìnnà, irú bàálù wo là ń sọ? Bàálù fúyẹ́, tí wọ́n ń pè ní ultralight lédè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọmọ ìyá bàálù ńlá tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà. Òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Part 103, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ló là á sílẹ̀ jù: ẹnì kan péré ni kó gbé, láìka epo àti awakọ̀, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi kílò 115 lọ, epo inú táǹkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lítà 19 lọ, eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 102 ní wákàtí kan, ó sì gbọ́dọ̀ lè rọra rìn dé nǹkan bíi kìlómítà 44 ní wákàtí kan kí apá rẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e. Ẹ̀rọ tó ń gbé púpọ̀ nínú wọn wá láti iléeṣẹ́ Rotax ní Austria. Àwọn tó kéré nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí I-pass-my-neighbour. Nǹkan bíi mílílítà 400 ọ́ìlì ni wọ́n ń dà sínú lítà 20 epo bẹntiróòlù, epo ọkọ̀ lásán, wọ́n á sì mì ín pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó rọ ọ́ sí táǹkì. Ẹni tó bá ti fi jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣọ̀rẹ́ rí mọ ìwà rẹ̀: púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, kábúrétọ̀ á dí, ooru á mú un, á sì kú láìdágbére. Nínú ilé, okùn la ó tún fà. Lójú ọ̀run, bàálù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wálẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé mítà 150 ló fi ga nígbà tí ẹ̀rọ kú, ibi tó lè dé kó tó kanlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi ń fò bí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa kú láìpẹ́. Ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Pápá tó kàn ló ń wá.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yẹn kà léèwọ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀. Part 103 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, kò béèrè àyẹ̀wò dókítà, kò sì ní kí wọ́n forúkọ bàálù náà sílẹ̀. Ó ní láàárín ìgbà tí oòrùn bá yọ sí ìgbà tó bá wọ̀ ni kí wọ́n máa fò, kí wọ́n máa rí iwájú wọn kedere, kí wọ́n sì jìnnà sí ìkúùkuu. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fò kọjá lórí ibi tí ilé pọ̀ sí, ìbáà ṣe ìlú ńlá tàbí abúlé, wọn kò sì gbọdọ̀ fò lórí àwùjọ tó pé jọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n kà á látòkè délẹ̀, o kò ní rí ibi tó ti sọ pé bí ẹ̀fúùfù bá ti ju ìwọ̀n báyìí lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbéra. Ó dà bíi pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹ̀fúùfù jẹ́ ohun tí awakọ̀ lè wò, kó wọ̀n ọ́n, kó sì dúró dè é títí yóò fi rọlẹ̀. Ilé tó wà nísàlẹ̀ kì í rọlẹ̀ ní tirẹ̀. Ohun mìíràn ni pé ẹni tó bá fò nínú ẹ̀fúùfù, orí ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ẹni tó bá fò lórí òrùlé, orí ẹlòmíràn tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Òfin tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dí ọ̀nà èkejì.

Ìtàn bàálù fúnra rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí Wilbur àti Orville Wright ń wá ibi tí wọn yóò ti dán ẹ̀rọ wọn wò ní 1900, ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́, wọ́n sì fi ìlú wọn ní Ohio sílẹ̀ lọ sí Kitty Hawk ní etíkun North Carolina, níbi tí iyanrìn wà lọ súà tí igi kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ní 17 Oṣù Kejìlá 1903, ọjọ́ tí wọ́n fò, ẹ̀fúùfù ibẹ̀ ju kìlómítà 32 lọ ní wákàtí kan. Òun ló bá wọn ru ẹrù náà: ẹ̀rọ wọn kò ju agbára ẹṣin 12 lọ, ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀ níwájú sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kí bàálù náà tó kúrò nílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fò lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, bí bàálù náà ti dúró jẹ́ẹ́ lórí iyanrìn, ẹ̀fúùfù kan dé lójijì, ó gbé e yí, ó sì fọ́ ọ débi pé kò tún fò mọ́ láyé. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ ló ti fọ́, lẹ́yìn tí ẹ̀fúùfù yẹn kan náà ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin láìpa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí John Moody sì so ẹ̀rọ mọ́ ìyẹ́ aláṣọ ní Wisconsin ní 1975, tí eré bàálù fúyẹ́ òde òní fi bẹ̀rẹ̀, orí adágún omi tó ti dì gbalaja ló ti sáré gbéra. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí kò sá fún ẹ̀fúùfù. Gbangba ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀fúùfù ilẹ̀ pápá ní ìṣesí tirẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè bá a gbé. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ru sókè, èyí tó ń sáré lókè á máa já wálẹ̀ rọ́pò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dà rú tó bẹ́ẹ̀ tí bàálù kékeré á máa fò sókè á máa já sílẹ̀. Lálẹ́, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn á sì dúró, bí ti òkè tilẹ̀ ń sáré. Nítorí náà, ìdájí ni àwọn tó ń fi bàálù fúyẹ́ gbafẹ́ máa ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ti epo tún wà níbẹ̀. Ká ní bàálù kan ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ ní 40, tí epo inú táǹkì sì tó wákàtí kan àbọ̀. Bí awakọ̀ bá jẹ́ kí ẹ̀fúùfù ti òun lẹ́yìn dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà 60, ìdajì wákàtí ni yóò fi dé ibẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn. Bó bá ṣẹ́rí padà, kìlómítà 40 péré ni yóò máa rìn lórí ilẹ̀ ní wákàtí kan, epo á sì tán nígbà tí ilé ṣì ku kìlómítà 20. Nítorí èyí ni àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń dojú kọ ẹ̀fúùfù ní àlọ, kó lè máa tì wọ́n bọ̀ wálé.

Ṣùgbọ́n bíbalẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà fún, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn. Bàálù tó nílò kìlómítà 45 ní wákàtí kan kí apá rẹ̀ tó lè gbé e, tó bá dojú kọ ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ ní 25, kìlómítà 20 péré ni yóò máa sáré lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀. Bí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀, agbára tí yóò fi gbá ilẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí ìbá fi gbá a lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù kò sí. Ẹ̀fúùfù tí a ń bẹ̀rù yẹn ti di bíréèkì. Ohun kan péré ni bíréèkì yìí ń béèrè: kí awakọ̀ lè kọjú sí ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀, ibi yòówù kó jẹ́. Lórí pápá ọlọ́kà tàbí oko koríko tó gùn tó fẹ̀, ó lè yí bó ṣe wù ú kó sì balẹ̀ síbi tó bá wù ú. Lójú títì tó wà láàárín ilé, ọ̀nà méjì péré ló wà, bí ẹ̀fúùfù bá sì ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, yóò máa tì í sára ògiri. Èyí ni kókó tí àwọn tó ń wo ẹ̀fúùfù nìkan kì í rí: ìwọ̀n ẹ̀fúùfù kan náà tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní pápá lè jẹ́ ikú ní àdúgbò. Mi ò sọ pé ó rọrùn o. Ẹ̀fúùfù máa ń dín kù lójijì nígbà tí bàálù bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ẹni tí kò bá sì fi eré díẹ̀ pamọ́ fún ibẹ̀ yóò jábọ́ ní mítà mélòó kan tó kù. Ẹ̀kọ́ nìyẹn, olùkọ́ sì lè kọ́ni.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ dídùn lèyí, pé ṣebí ẹ̀fúùfù ló pa Otto Lilienthal, ará Jámánì tó fi ìyẹ́ tó hun fúnra rẹ̀ fò lọ́pọ̀ ìgbà kó tó já ní Oṣù Kẹjọ 1896. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn lè mú un wá sílé: ní 29 Oṣù Kẹwàá 2006, Boeing 737 kan gbéra ní Àbújá nígbà tí ìjì ti ń bọ̀, kò sì pẹ́ rárá tó fi já. Ènìyàn 105 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló yè. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó lọ. Bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò bá lè dúró níwájú ìjì, kí ni aṣọ àti páìpù fẹ́ ṣe? Kò sí ohun tó lè ṣe, kò sì yẹ kó dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ìjì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù pápá ń fẹ́ ní ìwọ̀n kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìjì tiwa, èyí tó máa ń ti ìlà oòrùn bọ̀ nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, àti nígbà tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, máa ń ṣú dúdú lókè, kí ẹ̀fúùfù tó já lójijì láti ibi tí kò ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà lóko mọ̀ ọ́n kó tó dé. Awakọ̀ bàálù ńlá ní èrò tó ń kánjú, ó ní wákàtí tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ọ̀gá tó ń retí owó. Ẹni tó ń gbafẹ́ kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Nínú gbogbo awakọ̀ òfuurufú, òun ló lómìnira jù láti sọ pé òun kò fò lónìí, kí ó sì lọ jẹun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú sínú ìjì, ìwà rẹ̀ ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé òṣùwọ̀n yìí ka Ìgàndó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò burú: atẹ́gùn láti òkun ló pọ̀ jù nínú ọdún, tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, kò sì jọ ti Alberta rárá. Ẹni tó bá ń wo ẹ̀fúùfù nìkan lè sọ pé Ìgàndó sàn. Àmọ́ ní 2006, ọdún tí wọ́n ka ènìyàn ní Nàìjíríà tí wọ́n sì kà wọ́n ní Kánádà, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìgàndó wà, nìkan ní 1,277,714 ènìyàn, nígbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní 968,157. Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 200. Ti Saskatchewan ju 650,000 lọ. Kò sí àlàyé tó tún kù lẹ́yìn èyí. Láti Ìkòtún dé Àkẹ̀sán, òrùlé ló fara ti òrùlé, ọ̀pá iná sì wà níwájú òrùlé, wáyà ń kọjá lórí títì láìtò. Ibi tó ṣófo díẹ̀ tí a lè tọ́ka sí, bí etí ààtàn Solous, àwòdì àti lékeléke ló ti gbà á, ẹyẹ kan ṣoṣo sì tó láti ba aṣọ ìyẹ́ bàálù fúyẹ́ jẹ́. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò tó kìlómítà 15 sí ibẹ̀, àwọn bàálù ńlá sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí i tọ̀sán-tòru.

Èkó ti rí àpẹẹrẹ tó tó. Ní 28 Oṣù Kẹjọ 2020, hẹlikọ́pítà kan já sáàárín ilé ní Ọ̀pẹ̀bí, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú. Ní 1 Oṣù Kẹjọ 2023, bàálù kékeré Jabiru kan já sójú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Orí ló yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní 3 Oṣù Kẹfà 2012, bàálù èrò já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá, gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn tó wà nílé wọn sì bá a lọ. Nínú ti Ìjú-Ìṣàgá, ẹ̀rọ ló kọ̀ṣẹ́, ojú ọjọ́ kọ́ ló fà á. Awakọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọ̀ṣẹ́ ní Kansas yóò wá oko ọkà. Kí ni ti Èkó yóò wá? Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí orí wọn pé, tí wọ́n lè jókòó sí ẹ̀yìn ilé kí wọ́n sì to bàálù láti inú àkísà ọkọ̀; ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi to hẹlikọ́pítà ní Kánò láti ara ẹ̀rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, ayé sì gbọ́ ọ. Ọgbọ́n wọn kò sí níyèméjì. Òrùlé aládùúgbò ni mo ń rò.

Ibo wá ni ilẹ̀ pápá tiwa? Ó wà, ó sì sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Igbó kìjikìji tó bo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já ní àárín, láti ìhà Accra kọjá Togo dé Benin, níbi tí òjò kò pọ̀ tí ilẹ̀ sì jẹ́ koríko. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá, wà níhà ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti kọjá Abẹ́òkúta sí òkè, igbó á máa fẹ́lẹ́, ọ̀dàn á sì gba ilẹ̀ ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti Kíṣì, títí wọ Kwara. Ní ìwọ̀ oòrùn ọ̀dàn etíkun yìí, ní Kpong lẹ́bàá odò Volta ní Ghana, wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Pápá koríko ni wọ́n ṣe, wọ́n to bàálù fúyẹ́ àti bàálù kékeré níbẹ̀, wọ́n fi wọ́n kọ́ni, wọ́n sì fi wọ́n ju ìwé ẹ̀kọ́ ìlera sí àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn kò dára. Patricia Mawuli, ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ igbó ṣíṣán, kọ́ bí a ti ń tú ẹ̀rọ Rotax àti bí a ti ń tò ó, ó di awakọ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Ní Ghana kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún fífi ìyẹ́ aláṣọ fò ní orí òkè Kwahu ní 2005, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ nígbà Àjíǹde. Tiwa kò ní ju ti Kpong lọ ní líle. Ọyẹ́ nìkan ló yẹ ká ṣọ́ra fún, nítorí eruku rẹ̀ lè bo ojú ọ̀run débi tí awakọ̀ kò ní rí òkè àpáta tó wà níwájú, Òkè-Ògùn sì ní àpáta púpọ̀. Ní àwọn oṣù yẹn, ẹ̀fúùfù òkè tó sùn lóru máa ń já wálẹ̀ nígbà tí oòrùn bá gun òkè díẹ̀. Kí ẹni tó ń fò ti balẹ̀ kó tó di ìgbà náà.

Wọ́n á ní eré olówó ni, pé ẹni tí kò rí owó mọ́tò san kò ní bàálù í rò. Mo gbà pé kì í ṣe eré tálákà. Ṣùgbọ́n bàálù oníjòkòó kan irú èyí kò wọ́n ju jíìpù tòkunbọ̀ tó dára lọ, jíìpù bẹ́ẹ̀ sì wà káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá, tó jẹ́ pé ìjókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tún lè dá owó jọ ra ẹyọ kan, kí wọ́n máa gbà á lò léraléra, bí wọ́n ti ń ṣe lókè òkun. Ohun tó wá jù mí lọ nínú ìtàkò yìí ni pé ó gbàgbé ibi tí ìmọ̀ ti ń wá. Bàálù Air Beetle tí iléeṣẹ́ AIEP tò ní Kàdúná, tí Iléeṣẹ́ Ológun Òfuurufú Nàìjíríà fi kọ́ àwọn awakọ̀ wọn, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́. RV-6A yìí, bàálù tí Richard VanGrunsven yà fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń to bàálù nínú gáréèjì ilé wọn láti fi gbafẹ́ ni. Eré àwọn kan ló di ohun èlò àwọn ọmọ ogun wa. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní ẹni tó ń fi bàálù ṣeré yóò máa ra ti ẹlòmíràn títí ayé.

Ìtàkò tó le jù lójú tèmi ni ti ààbò. Ìjọba tó ń bẹ̀rù dúróònù kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàálù tí ènìyàn jókòó sínú rẹ̀. Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú Nàìjíríà, ti ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo dúróònù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò, ní Oṣù Kìn-ín-ní 2025 sì ni àwọn ológun fi òfin dè é pátápátá ní Àríwá Ìlà Oòrùn. Wọn kò ṣe àṣìṣe. Àwọn ọ̀tá ń lo òfuurufú. Àmọ́ bàálù fúyẹ́ kò ṣeé fi pamọ́: ariwo rẹ̀ ń lọ níwájú rẹ̀, ojú ọ̀sán ló ń fò, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí pápá kan náà. Bí a bá fi í sí pápá tí a mọ̀, tí a kọ orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà bàálù sílẹ̀, tí NAMA, àjọ tó ń darí bàálù lójú ọ̀run, mọ wákàtí tí wọ́n ń jáde, ojú àfikún ló máa jẹ́ fún ìlú, ojú tó lè tètè rí iná igbó àti màlúù tó wọ oko. Níbi tí àwọn ajínigbé ti gba igbó báyìí, kí a má tíì lọ síbẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, n kò ní tẹ̀ lé Amẹ́ríkà. Kánádà ní kí awakọ̀ bàálù fúyẹ́ gba ìwé àṣẹ. Bìrìtìkó ní kí awakọ̀ gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mú àyẹ̀wò kúrò lórí bàálù oníjòkòó kan. Ọ̀nà yẹn ló bá wa mu. Ìlú tí ẹni tí kò kọ́ ọkọ̀ wíwà ti ń rí láísẹ́ǹsì gbà kò gbọdọ̀ sọ pé kí oníkálukú máa fò bó ṣe wù ú.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ìjọba Ọ̀yọ́ àti Kwara àti sọ́dọ̀ NCAA. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ti wà ní Ìlọrin, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, ọ̀dàn sì yí i ká. Kí wọ́n wá pápá koríko kan tó fẹ̀ tó láti gba bàálù láti ìhà gbogbo, tó jìnnà sí ìlú àti sí wáyà iná ńlá, kí wọ́n gbé ọ̀pá ẹ̀fúùfù sí i, kí wọ́n sì kọ òfin tí kò gùn ju ojú ìwé mẹ́ta lọ, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí òfin náà kọ́kọ́ sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ fò kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgàndó tí ọwọ́ yín ń yún yín láti to nǹkan, ẹ tò ó sẹ́yìn ilé yín níbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bó bá kan fífò, ẹ tú apá rẹ̀, ẹ dì í sórí ọkọ̀ akẹ́rù, kí ẹ sì gbé e lọ sí Òkè-Ògùn.